Aró Lábẹ́ Ẹ̀rọ

Ẹni tó wọkọ̀ ní Òkukù, tó gba Ìkìrun kọjá, kò ní pẹ́ dé Òṣogbo, níbi tí Nike Davies-Okundaye ti dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1983. Níbẹ̀, ìyẹ́ adìẹ ni aládìrẹ fi ń kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun. Tó bá ri aṣọ náà bọ inú aró èlú, tó sì yọ ọ́, àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ń ní. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró gidi. Ohun tó wù mí jù nìyẹn.

Bí a bá wá gé àdìrẹ wẹ́wẹ́, tí a tò ó pọ̀ di aṣọ ìbora, ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ló kàn: aṣọ á dúró lórí férémù, orí ẹ̀rọ ni yóò máa rìn. Kí abẹ́rẹ́ ṣáà tẹ̀ lé ọnà ìyẹ́ adìẹ, kó má bò ó. Ẹ sì kọ́kọ́ fọ àdìrẹ náà títí omi yóò fi mọ́ kí ẹ tó gé e!