Eérú Inú Àgọ́ Àjọ

Láti orí 25 lọ, Ìwé Ẹ́kísódù di ìwé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Bí a bá yọ ọ̀ràn ère ọmọ màlúù kúrò, igi, aṣọ, awọ àti idẹ ló gba ibẹ̀ kan: àgbàlá àgọ́ àjọ gùn ní 100 ìgbọ̀nwọ́, ó fẹ̀ ní 50, aṣọ tí wọ́n fi sé e mọ́ ga ní 5. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá wọlé, pẹpẹ ẹbọ sísun ni yóò kọ́kọ́ bá, kó tó kan agbada idẹ tí àwọn àlùfáà fi ń fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Nínú àgọ́ fúnra rẹ̀, ọ̀pá fìtílà wà níhà gúúsù, tábìlì àkàrà ìfihàn wà níhà àríwá, pẹpẹ tùràrí sì dojú kọ aṣọ ìkélé. Ẹ̀yìn ìkélé yẹn ni ibi mímọ́ jùlọ, níbi tí àpótí ẹ̀rí wà. Olórí àlùfáà nìkan ló ń wọ ibẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún.

Ipa ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ Kristẹni ti sọ di ètò àdúrà àràárọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e káàkiri ayé ni David Yonggi Cho, pásítọ̀ ará Kòríà tó kú ní 2021. Ó ṣe wẹ́kú pé abẹ́ àgọ́ ni ìjọ tí òun àti Choi Ja-shil dá sílẹ̀ ní Seoul ní 1958 ti jọ́sìn ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, kó tó di ìjọ ńlá Yoido. Nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹni tó ń gbàdúrà á fi ọkàn rin àgbàlá náà já. Níbi pẹpẹ, á dúpẹ́ nítorí àgbélébùú. Níbi agbada, á yẹ ara rẹ̀ wò. Níwájú fìtílà, á ké pe Ẹ̀mí Mímọ́. Nídìí tábìlì, á ronú lórí Ọ̀rọ̀. Níbi tùràrí, á yin Ọlọ́run. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó dé iwájú ìtẹ́ àánú, ìdérí àpótí ẹ̀rí.

Bí a bá fi ojú ọnà wò ó, ètò yìí gbọ́n. Ẹnu wa kì í pẹ́ débi ẹ̀bẹ̀: owó ilé, ìwé àṣẹ ìrìnnà, ọmọ tí kò gbọ́ràn. Ẹni tó ń tọ ipa àgọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ìdúpẹ́ àti ìjẹ́wọ́ ti dúró dè é lójú ọ̀nà. Bí àwọn apohùn wa kì í ti í ṣíde eré láìjúbà, bẹ́ẹ̀ ni àgọ́ yìí fún àdúrà ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kì í ṣe ti ara ẹni tó ń gbà á.

Ibi tó ti dàrú ni ibi tí àwọn olùkọ́ kan ti sọ ọ́ di àṣírí. Wọ́n ní èèkàn kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀, òrùka ìkélé ní ìtumọ̀, àwọ̀ òwú ní ìtumọ̀. Wọ́n tún ní ẹni tó bá fo ibì kan, àdúrà rẹ̀ ò ní dé òkè. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ Ìwé Hébérù, tó mọ àgọ́ yìí ju gbogbo wa lọ, ka àwọn ohun èlò náà tán ní orí 9, ó sì sọ pé òun kò lè máa sọ̀rọ̀ nípa wọn lẹ́sẹẹsẹ nísinsìnyí. Ohun èlò tùràrí tó jẹ́ ti wúrà, ẹ̀yìn ìkélé ló kà á mọ́, bẹ́ẹ̀ iwájú ìkélé ni pẹpẹ tùràrí wà nínú Ẹ́kísódù. Bó bá jẹ́ pé ìgbésẹ̀ kan ò gbọdọ̀ yẹ̀ ni, òun ni ìbá kọ́kọ́ ṣọ́ra. Ní orí 10 ló ti ní ká wọlé pẹ̀lú ìgboyà. Mátíù náà sì ti sọ pé ìkélé tẹ́ńpìlì ya láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ni ẹnikẹ́ni tún fẹ́ fi ṣe oníbodè síbẹ̀?

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ohun tí àwọn onírìnàjò ọkàn wọ̀nyí máa ń fò. Kò sẹ́ni tó ń ronú eérú. Léfítíkù orí 6 kò fò ó: ní òwúrọ̀, àlùfáà á wọ aṣọ ọ̀gbọ̀, á kó eérú ẹbọ òru kúrò lórí pẹpẹ, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á pààrọ̀ aṣọ, á sì ru eérú náà jáde sẹ́yìn ibùdó. Á wá to igi tuntun, torí iná yẹn kò gbọdọ̀ kú. Ọ̀dọ́ àgùntàn kan láàárọ̀, òmíràn ní ìrọ̀lẹ́. Bó ti ń tún fìtílà ṣe ní òwúrọ̀ ló ń sun tùràrí, bó ti ń tàn án ní àṣálẹ́ ló tún ń sun ún. Òróró ólífì tó ń jó nínú rẹ̀, àwọn èèyàn ló ń gbé e wá. Iṣẹ́ ilé ni gbogbo èyí, àkókò rẹ̀ kì í sì í yẹ̀.

Nítorí náà, lójú tèmi, àdúrà agboolé wa, tí kò dárúkọ ìkélé tàbí àpótí rárá, sún mọ́ àgọ́ Mósè ju ìrìn ọkàn tó gba wákàtí kan lọ. Ìyá á lu agogo ní ìdájí, àwọn ọmọ á fi oorun lójú jókòó, orin kan, sáàmù kan, àdúrà kúkúrú, oore-ọ̀fẹ́, kálukú á wá omi ìwẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò wúni lórí. Kíkó eérú náà kò wúni lórí.

Àwọn Aládùúrà kò fi àgọ́ sínú ọkàn nìkan ní tiwọn. Orí ilẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá ni kí a wò. Samuel Biléhou Oschoffa tó dá a sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, káfíńtà ni, igi ló sì wá wọ inú igbó lọ nígbà tí ìran dé bá a. Nínú ìjọ rẹ̀, sùtánà funfun ni, ẹsẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ títutù, èéfín tùràrí, àbẹ́là méje lórí pẹpẹ. Nínú àgọ́ Mósè, fìtílà méje náà kò sí lórí pẹpẹ kankan. Ó dúró lórí ọ̀pá tirẹ̀, ó ń tànmọ́lẹ̀ sí ọ̀kánkán tábìlì. Èmi kò ka ìyàtọ̀ yẹn sí àṣìṣe, nítorí fìtílà méje iwájú ìtẹ́ tún wà nínú Ìfihàn orí 4, olùjọsìn sì lẹ́tọ̀ọ́ láti da àwòrán méjì pọ̀. Ohun tí ìsìn yìí ṣe tí ìrìn ọkàn kò lè ṣe ni pé ara náà ń gbàdúrà: àtẹ́lẹsẹ̀ ti mọ̀ pé ibi ọ̀tọ̀ ni òun wà kí ẹnu tó là.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni kò tíì yé mi. Nínú ìjọ náà, obìnrin kì í dé ibi pẹpẹ, ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í sì í wọ ilé ìjọsìn. Léfítíkù 15 ni wọ́n gbé e lé. Ṣùgbọ́n orí kan náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ń jáde lára ọkùnrin, ó sì ní àìmọ́ ni òun náà. N kò rí ibi tí wọ́n ti fi ìyẹn dá ọkùnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹ́kísódù 38 tún wà níbẹ̀: agbada idẹ yẹn, dígí àwọn obìnrin tí ń sìn lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ni Bẹ́sálẹ́lì, oníṣẹ́ ọnà àgọ́ náà, fi rọ ọ́. Idẹ dídán ni dígí ayé ìgbà náà. Bí àlùfáà bá sì lọ sídìí pẹpẹ láìkọ́kọ́ wẹ̀ nínú agbada náà, ikú ni orí 30 ní yóò fi ṣèfà jẹ. Ìjọ tó bá ní àgọ́ àjọ ni àwòṣe òun ní láti sọ fún wa ibi tó gbé àwọn obìnrin yẹn sí.