Ṣé Lẹ́tà Nìkan Ló Yàtọ̀? Àríwísí lórí Fáìlì yo_BJ

Fáìlì kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà rí, bẹ́ẹ̀ sì ni fóònù wa ń lò ó. Orúkọ rẹ̀ ni yo_BJ: yo dúró fún Yorùbá, BJ sì dúró fún orílẹ̀-èdè Benin. Inú CLDR ló wà, ìyẹn àká dátà tí ẹgbẹ́ Unicode ń tọ́jú. Ibẹ̀ ni Android, iOS àti ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà mìíràn ti ń wo orúkọ ọjọ́, orúkọ oṣù, orúkọ orílẹ̀-èdè àti ti owó ní èdè kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kọ fáìlì yìí kò pè é ní ìwé gírámà. Síbẹ̀, mo fẹ́ kà á bí lámèyítọ́ ṣe ń ka ìwé, nítorí pé èrò kan nípa èdè fara pamọ́ sínú rẹ̀, èrò náà sì kan àwa tí a ti agbègbè Tchaourou wá ju bí ó ti kan àwọn tó kọ ọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́. Nínú ẹ̀dà tí mo kà, bí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ṣe tò nìyí: Ɔjɔ́ Àìkú, Ɔjɔ́ Ajé, Ɔjɔ́ Ìsɛ́gun, Ɔjɔ́rú, Ɔjɔ́bɔ, Ɔjɔ́ Ɛtì, Ɔjɔ́ Àbámɛ́ta. Ẹni tó mọ àkọtọ́ Benin yóò dúró lórí ọjọ́ kẹta. Sh ni àkọtọ́ náà ń lò fún ìró tí Nàìjíríà ń kọ ní ṣ. Ìshɛ́gun ló yẹ kó wà níbẹ̀. Kí ló dé tí a fi rí Ìsɛ́gun? Kì í ṣe pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ sh, torí pé Oshù Shɛ́rɛ́ wà nínú fáìlì kan náà, ó sì pé. Ìdáhùn wà nínú fáìlì àgbà, ìyẹn yo, tó jẹ́ ti Nàìjíríà. Ọjọ́ Ìsẹ́gun ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n gbàgbé àmì abẹ́ s. Ọwọ́ tó ṣe fáìlì Benin kò ṣe ju kí ó pààrọ̀ lẹ́tà lọ: gbogbo ẹ di ɛ, gbogbo ọ di ɔ, gbogbo ṣ di sh. Níbi tí àmì ti sọnù, kò sí ohun tí yóò pààrọ̀, àṣìkọ náà sì kọjá ẹnubodè láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Bí ìwé méjì bá jọ ní ohun tó tọ̀nà, kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan fún wa; bí wọ́n bá jọ ní àṣìkọ kan náà, a mọ̀ pé ọ̀kan ṣe àdàkọ èkejì. Ẹ wo Ɔjɔ́bɔ, tí kò ní ohùn ìsàlẹ̀ tó yẹ kó wà lórí fáwẹ̀lì ìparí. Ẹ sì wo Orílɛ́ède, tó ń jáde léraléra nínú orúkọ owó. Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ orílẹ̀-èdè ní àkọtọ́ Benin, orílɛ̀-èdè ni yóò kọ. Orílẹ́ède ti fáìlì àgbà ni wọ́n kàn yí lẹ́tà rẹ̀ padà, tí ohùn rẹ̀ tó ti dàrú sì wà bó ṣe wà.

Ìró kan wà tí wọ́n tiẹ̀ gbàgbé pátápátá. Oṣù kejìlá nínú fáìlì náà ni Ɔ̀pɛ̀. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1975, tí wọ́n sì tún yẹ̀ wò ní 1990 àti ní 2008, kp àti p kì í ṣe lẹ́tà kan náà. Kp ni ìró tí a ń fi ètè àti àfàsé pè pọ̀, èyí tí àwa nínú ìwé Nàìjíríà ń kọ ní p nítorí pé Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní p mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro lójú ẹni tó dàgbà ní Tchaourou, nítorí odò Okpara wà ní ìlà-oòrùn wa, orí máàpù sì ni kp rẹ̀ wà. Ɔ̀kpɛ̀ ló yẹ kí fáìlì náà kọ. Àmọ́ ṣíṣe èyí gba pé kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà ṣí tábìlì álífábẹ́ẹ̀tì Benin. Ìpààrọ̀ lẹ́tà mẹ́ta kò béèrè irú ìyẹn.

Mi ò sọ èyí láti fi àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ṣe yẹ̀yẹ́. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ohun tí o bá ti kọ lẹ́ẹ̀kan, má ṣe tún un kọ. Ohun tó yàtọ̀ nìkan ni kí o kọ. Òfin tó dára ni fún ètò kọ̀ǹpútà, ó ń dín àṣìṣe kù. Orí òfin yìí ni wọ́n gbé CLDR kalẹ̀: fáìlì ọmọ ń jogún gbogbo ohun tí kò bá sọ lọ́dọ̀ fáìlì bàbá. Yo_BJ jẹ́ ọmọ, yo jẹ́ bàbá, Nàìjíríà sì ni ibùgbé bàbá. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan wá nìyẹn. Ìjogún nínú fáìlì ti di àlàyé nípa ẹ̀ka-èdè, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó láti jiyàn rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé Yorùbá Benin ni Yorùbá Nàìjíríà tí a pààrọ̀ lẹ́tà díẹ̀ nínú rẹ̀.

Tchaourou kò jẹ́ kí àlàyé yìí rọrùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baatonu àti Fúlàní, Yorùbá tí à ń sọ níbẹ̀ bá ti Savè tan, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pe orúkọ rẹ̀ ní Ṣábẹ̀, tí àkọsílẹ̀ Faransé ń kọ ní Tchabè, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè sì ń kọ ní Cabe. Ẹ fi Ica àti Idaca sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá fi wọ́n wé Ìṣà àti Ìdáàṣà. C ni ìró tó wà lórí orúkọ àwọn ènìyàn náà, kì í ṣe sh, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ṣ. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi fáìlì náà nìyí: ẹnu ta ni Oshù yìí ti jáde? Àkọtọ́ Benin ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fónọ́lọ́jì rẹ̀ ti òdìkejì ẹnubodè ni.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan náà tún ní ìwé mìíràn lọ́wọ́ tó ń sọ òdìkejì ọ̀rọ̀ yìí. ISO 639-3, tó jáde ní 2007, fún Cabe ní kóòdù tirẹ̀, cbj. Ó fún Ica ní ica, Idaca ní idd, Ije ní ijj, Nago ní nqg, Kura Ede Nago ní nqk, Manigri-Kambolé ní xkb. Èdè méje tó dá dúró nìyẹn, tí kò sí èyí tó jẹ́ yo nínú wọn. Níbi kan, ọmọ Tchaourou ń sọ Yorùbá tí lẹ́tà rẹ̀ yàtọ̀. Níbòmíràn, kò sọ Yorùbá rárá. Kò sí èyí nínú méjèèjì tí ìyá àgbà kan ní ọjà wa yóò gbà. Yóò sọ pé òun gbọ́ èdè oníṣòwò tó ti Ìsẹ́yìn wá, pé àwọn ọ̀rọ̀ kan ló ṣàjèjì sí òun.

Ibi tó dùn mí jù kò sí nínú fáìlì náà fúnra rẹ̀. Nínú Unicode, ẹ jẹ́ e tó ní àmì lábẹ́. Bí ètò àwárí bá ń fojú fo àmì, ẹni tó tẹ eko yóò rí ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ɛ kì í ṣe e tó ní àmì. Lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni, nọ́ńbà rẹ̀ ni U+025B, kò sì bá e tan. Ẹni tó kọ́ ìwé kíkà ní Tchaourou, tó wá tẹ ɛ̀kɔ́, kò ní bá ẹ̀kọ́ pàdé, bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ́ ètò àwárí náà pé ọ̀rọ̀ kan ni. Níbi tí ìró wa ti yàtọ̀, ẹ̀rọ sọ pé ọ̀kan ni wá. Níbi tí ọ̀rọ̀ wa ti jẹ́ ọ̀kan, ẹ̀rọ kan náà pín wa sí méjì. Ìwé tí olùkọ́ kan bá kọ ní Savè kò ní jáde fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá a ní Ìbàdàn. Láti 2013 tí Google Translate ti ní Yorùbá, ẹ àti ọ ló fi ń kọ ọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ayé rí ohun tí òun kọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ɛ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìsí òfin kankan tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

(Ọ̀rọ̀ kékeré kan nípa aago. Bí ènìyàn bá yan aago oníwákàtí méjìlá, Àárɔ̀ àti Ɔ̀sán nìkan ni fáìlì náà ní láti fi rọ́pò AM àti PM. Aago mẹ́wàá alẹ́ á wá di ọ̀sán. Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti Benin nìkan o, bàbá ló bí i. Àti Ɔjɔ́ Ɛtì: Jímọ̀ ni àwọn Mùsùlùmí wa ń pè é, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ní Àlàmísì.)

Mo mọ ohun tí àwọn olùdá ètò yóò sọ. Wọ́n á ní ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, pé kí ẹni tó bá rí àṣìṣe wá tún un ṣe. Òótọ́ ni pé ìlànà wà: ènìyàn lè gba àyè, kí ó sì dìbò fún ọ̀rọ̀ tó tọ́. Ṣùgbọ́n ìbò àlejò fúyẹ́ ju ti ẹni tó ṣojú ẹgbẹ́ ọmọ Unicode lọ, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi kọ ìlànà náà. Olùkọ́ ní Tchaourou ní Faransé, ó ní Yorùbá, bóyá ó tún ní Baatonu. Èdè kẹrin ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó lè fi h kan sínú Ìsɛ́gun. Èrò pé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lè wá jẹ́ èrò ẹni tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò ní kí a ya fáìlì cbj sọ́tọ̀. Bí a bá ṣe é, ìdènà tó wà lórí àwárí yóò tún ga sí i. Ohun tí mo ń béèrè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí wọ́n tún Ìshɛ́gun àti Ɔ̀kpɛ̀ kọ, kí àwárí sì ka ɛ mọ́ ẹ àti ɔ mọ́ ọ níbikíbi tí èdè bá ti jẹ́ yo. Iṣẹ́ kejì yìí ṣe é ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ẹ̀ka wa sì lè fi tábìlì kékeré kan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Títí di ìgbà náà, ẹ bá mi tẹ àkọlé bébà yìí lẹ́ẹ̀mejì nínú àkójọ wa, kí ẹni tó bá ń wá a láti Tchaourou lè rí i: Shé Lɛ́tà Nìkan Ló Yàtɔ̀?