Alájàpá Gba Oríyìn, Oníbodè Ńkọ́?

Ní February 2022, mo to ìlà epo fún wákàtí mẹ́rin nítorí jẹnẹrétọ̀ mi. Ẹ ó rántí ìgbà yẹn: wọ́n kó epo bẹntiróòlù kan wọlé tí methanol inú rẹ̀ pọ̀ jù, àwọn aláṣẹ sì sọ pé láti Antwerp ní Belgium ló ti wá. Kẹ́ẹ̀gì wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, fóònù wà lọ́wọ́ òsì. Ìwé tí mo ń kà lórí fóònù náà ni The World for Sale, tí Javier Blas àti Jack Farchy kọ, tó jáde ní 2021. Mo gbádùn ìwé yẹn, ó sì tún bí mi nínú. Méjèèjì ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ìtàn àwọn alájàpá àgbáyé ni: Vitol, Glencore, Trafigura àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Tí ẹ bá mọ ìyá tó ń ra gàrí lóko tó ń tà á nígboro, ẹ ti mọ ìdí iṣẹ́ wọn: ra níbi tó ti pọ̀, tà níbi tó ti wọ́n. Ìyàtọ̀ ni pé epo rọ̀bì, bàbà àti àlìkámà ni ọjà tiwọn, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì fi ń kó o. Ìwé náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ian Taylor, ọ̀gá Vitol, nínú bàálù tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí Benghazi ní 2011, nígbà tí ogun Líbíà ń gbóná. Ó fẹ́ ta epo fún àwọn tó ń bá Gaddafi jà. Bíi fíìmù ni! Ẹni tó bá rò pé ojú ọ̀run ni iye owó epo ti ń já bọ́, ìwé yìí á là á lójú pé èèyàn ló wà nídìí ẹ̀. Mi ò ní fi iyẹn dù wọ́n.

Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe sọ ọ̀rọ̀ Marc Rich. Epo Iran wà lára ohun tó sọ ọ́ di olówó, epo tó ń gba inú páìpù kan kọjá ní Israel, láti Eilat lápá Òkun Pupa dé Ashkelon létí Òkun Mẹditaréníà. Wọ́n ní ó láyà, ojú rẹ̀ sì là. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló sọ páìpù yẹn di wúrà? Ogun ọdún 1967 ló ti Suez pa, wọn ò sì ṣí i títí di June 1975. Fún ọdún mẹ́jọ, ọkọ̀ tó bá ń gbé epo láti Iran lọ sí Yúróòpù gbọ́dọ̀ yí Áfíríkà po. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mọ ọ̀nà àbùjá, tí kò bá lówó, ìgbà wo ló fẹ́ lówó? Ìwé náà gbé oríyìn fún ọkùnrin náà. Èmi á gbé ìdajì rẹ̀ fún ibodè tó tì.

Láyé àtijọ́, alájàpá kì í wọ̀lú láìrí oníbodè. Òkun náà ní ibodè tirẹ̀: Suez, Panama, Hormuz, Bab el-Mandeb, Malacca. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ẹ lọ bi Kuwait àti Qatar léèrè: ọkọ̀ wọn ò ní ọ̀nà mìíràn sí òkun ńlá ju Hormuz lọ. Ní 2023, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún epo tí gbogbo ayé ń lò ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Nínú iṣẹ́ kóòdù tí mo ń ṣe, tí gbogbo nǹkan bá gbójú lé sáfà kan ṣoṣo, a mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀. Ní March 2021, ọkọ̀ Ever Given há sí Suez fún ọjọ́ mẹ́fà. Láti November 2023, àwọn Houthi bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ọkọ̀ lójú Òkun Pupa, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì tún padà sí yíyí Áfíríkà po bíi ti 1967.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Ìwé náà ní orí kan tí wọ́n pè ní "Destination Africa", Congo ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ìbéèrè tí mo gbé dání lórí ìlà kò rí ìdáhùn. Epo rọ̀bì tó kúrò ní Bonny lọ sí Antwerp kò gba Suez, kò gba Hormuz. Òkun gbalasa ni. Ojú ọ̀nà wa dáa ju ti Kuwait lọ. Síbẹ̀, epo bẹntiróòlù ń ti ọ̀hún padà wá bá wa, ọkọ̀ ńlá á dúró lójú òkun Lomé, á rọ ọ́ sínú ọkọ̀ kékeré kó tó dé Èkó. Ẹni tó ní ilé ìfọpo àti táǹkì ló ń jèrè, kì í ṣe ẹni tó láyà nìkan. Ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kí bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè bẹntiróòlù ní September 2024, òun náà sì ti ra epo rọ̀bì láti Amẹ́ríkà.

Ìdí tó fi bí mi nínú nìyí: àwa ọmọ tẹ́ẹ̀kì fẹ́ràn ìtàn akọni jù. Tí a bá ka ìwé yìí bí ìtàn akọni, gbogbo wa á fẹ́ di alájàpá, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ẹni tó ni èbúté, ẹni tó ni táǹkì, ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹ kà á, ẹ jọ̀ọ́, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí máàpù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ní ọ̀gá kan gbọ́n, ẹ wo ibi tó dúró sí lórí omi.