Àríwísí lórí Ìlànà Ìtọ́kasí CSL: Ojú Ìwé Nìkan Kò Tó

Ẹni tí ó bá mú ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ lò nínú iṣẹ́ rẹ̀ jẹ òǹkàwé ní gbèsè méjì: kí ó sọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ náà, kí ó sì sọ ibi gan-an tí a ti lè rí i. Gbèsè kejì yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín. Láti ọdún 2006 tí Zotero ti jáde ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ti ń fi iṣẹ́ ìtọ́kasí lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. CSL ni orúkọ ìlànà tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé. Ó ń to orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti àkọlé ìwé. Ó sì ní àyè tí a ti ń kọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ìbáà ṣe ojú ìwé, orí, ẹsẹ tàbí ìlà. Ìbéèrè wa ni pé: ǹjẹ́ àyè náà gba ọ̀rọ̀ Yorùbá bí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ èyí tí ó dára. CSL ya orúkọ ibi sọ́tọ̀ kúrò lára nọ́ńbà, ẹni tí ó bá sì ń ṣètò ìlànà fún èdè kan ni yóò pinnu èyí tí yóò ṣíwájú. Èyí bá èdè wa mu, nítorí pé ‘ojú ìwé 12’ ni a máa ń wí. Ó tún pèsè àyè méjì fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ẹyọ, èkejì fún ọ̀pọ̀, nítorí àwọn èdè tí ọ̀rọ̀ orúkọ wọn ń yí padà. Kí olùtúmọ̀ má ṣe tìtorí èyí kọ ‘àwọn ojú ìwé 12–15’. Nọ́ńbà ti fi ọ̀pọ̀ hàn; kí ó kọ ‘ojú ìwé’ sí àyè méjèèjì.

Àléébù àkọ́kọ́ ni pé ojú ìwé ni Zotero ń mú bí olùlò kò bá yan nǹkan mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ìwé kì í ṣe ti ọ̀rọ̀; ti bébà ni. Láti ọdún 1938 tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà ti kọ́kọ́ jáde, a ti tún un tẹ̀ léraléra. Ojú ìwé 30 nínú ẹ̀dà kan lè má bá ti òmíràn mu. Ti Bíbélì kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó bá kọ Jòhánù 3:16 ti júwe ọ̀nà fún gbogbo ẹni tí ó ní Bíbélì lọ́wọ́, ẹ̀dà yòówù kí ó jẹ́.

Àléébù kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, inú ìwé Ifá ni ó sì ti hàn jù. Odù kò yí padà láti ìwé dé ìwé: 16 ni Odù àgbà, 256 sì ni gbogbo wọn. Èjì Ogbè tí ó wà nínú Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ti Wándé Abímbọ́lá (1968) náà ni ó wà nínú Ifa Divination ti William Bascom (1969). Ṣùgbọ́n olúkúlùkù alákòójọ ni ó ń to ẹsẹ tirẹ̀. Ní àfikún, ẹsẹ Bíbélì lè má ju gbólóhùn kan lọ, nígbà tí ẹsẹ Ifá jẹ́ odindi ewì. Nítorí náà, ìtọ́kasí tí ó pé ní láti dárúkọ Odù, ẹsẹ àti ìlà. Mẹ́ta nìyẹn, àpótí kan ṣoṣo ni Zotero ṣí sílẹ̀ fún un, orúkọ ibi kan ṣoṣo ni a sì lè yàn. Àwọn kan máa ń kọ èyí tí ó kù sí àyè àfikún ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ìlànà kì í fọwọ́ kan ohun tí a bá kọ síbẹ̀: bí a bá fi ìlànà mìíràn rọ́pò, apá kan ìtọ́kasí yóò yí padà, apá kejì yóò wà bí a ti kọ ọ́.

Ní ti ohùn tí a gbà sílẹ̀, ìtẹ̀síwájú wà. CSL 1.0.2 ti fi àkókò kún orúkọ ibi. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lórí orin ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu lè tọ́ka sí ìṣẹ́jú tí akọrin sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an, dípò ojú ìwé àdàkọ tí a lè tún tẹ̀ lọ́la.

Títí di ìgbà tí ìlànà yóò fi gba ìpele mẹ́ta, a dá a lábàá pé kí àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fi nọ́ńbà sí ìlà gbogbo àdàkọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ Odù sínú gbólóhùn tiwọn. Kí wọ́n yan ìlà tàbí ẹsẹ nínú àpótí. Kí wọ́n má sì gbàgbé ọdún ẹ̀dà tí wọ́n lò. Bí àgbàlagbà kan ní Ṣábẹ bá sọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀, ó tọ́ kí ọmọ rẹ̀ lè ṣí ìwé, kí ó rí ọ̀rọ̀ náà, kí ó sì lè sọ pé a gbọ́ ọ dáadáa tàbí a ṣì í gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí a kò lè rí, a kò lè tún un ṣe.