Àpáàdì Okala

Bí màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá gbọ́ pé iṣẹ́ àpáàdì ni mo ń ṣe jẹ ní Libreville, ní Gabon, wọn yóò rẹ́rìn-ín títí. Lójú tiwọn, àpáàdì kò wúlò ju ká fi bu iná wá láti ilé kejì lọ. Lẹ́yìn náà, ó di ààtàn.

Ààtàn gan-an ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Ní Okala, níhìn-ín ní Libreville, awalẹ̀pìtàn Bernard Clist gbẹ́ àwọn kòtò ìdalẹ̀nù àtijọ́ jáde ní ẹ̀wádún 1980. Àpáàdì àti èèpo ẹkùrọ́ tó jóná ló wà níbẹ̀, èyí tó dàgbà ju 2000 ọdún lọ. Lórí àpáàdì irú bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì níṣẹ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé mo ń gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wọn. Ìkòkò tí iná kò jẹ dénú lè yọ́ sómi bí àkàrà. Èéfín tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ sì ni ẹ̀rí pé wọ́n gbé e kaná. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ ti fọ ìtàn dànù. Abẹ́ ìbòòji ni a ń sá a sí, díẹ̀díẹ̀, ní ìlú tí òjò ọdún kan ń súnmọ́ mítà mẹ́ta! Gọ́ọ̀mù Paraloid B-72 ni a fi ń lẹ̀ ẹ́, nítorí acetone lè tú u. N kò gba gọ́ọ̀mù alágídí láàyè. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi lè mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà àdúgbò kan, tí gbogbo wa ń pè ní Maman, jókòó tì wá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń làágùn lórí àpáàdì méjì tí kò bára mu. Maman fi àtàǹpàkò ra inú wọn, ó ní: "Ọwọ́ tó mọ èyí kọ́ ló mọ ìyẹn." A gbé wọn sábẹ́ awò. Òótọ́ ni. Ìkòkò ni ìyá tiẹ̀ ń mọ. Láti ọjọ́ náà, àga rẹ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

Nígbà mìíràn, ká má fọwọ́ kàn án ló dára jù. Nínú ihò Iroungou ní ẹkùn Ngounié, tí wọ́n wọ̀ lọ́dún 2018, irin àti bàbà tó lé ní 500 ló wà pẹ̀lú egungun òkú: ibojì ni, kì í ṣe ààtàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé ní Okala, bí ṣọ́bìrì yín bá kan ilẹ̀ dúdú tó ní àpáàdì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná, kí ẹ ránṣẹ́ pè wá.