Ogun Kan, Eré Sinimá Méjì

Àdúgbò kan wà ní Accra tí a mọ̀ sí Lagos Town nígbà kan, tí orúkọ rẹ̀ di Accra New Town. Àwọn ará Nàìjíríà tí ó tẹ̀dó síbẹ̀, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ni ó jẹ́ kí a pè é bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn di ẹrù wọn ní November 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn ọdún náà lẹ́nu ẹni tí ó lọ, tí ó sì tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó kù, yóò rò pé ìlú méjì ni wọ́n ń sọ.

Irú ìtàn olójú méjì báyìí ni Clint Eastwood, ará Amẹ́ríkà, fi ogun dán wò ní ọdún 2006. Eré méjì ni ó ṣe lórí ìjà kan ṣoṣo, èyí tí Amẹ́ríkà àti Jàpáànù jà ní erékùṣù Iwo Jima ní February àti March 1945. Flags of Our Fathers sọ ti Amẹ́ríkà. Letters from Iwo Jima sọ ti Jàpáànù, ní èdè Jàpáànù.

Etíkun ni ó yẹ kí a ti fi wọ́n wé ara wọn. Nínú ti àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sórí iyanrìn dúdú, gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́, kò sí ọ̀tá níbì kankan. Lójijì ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í ró láti inú ihò. Nínú èkejì, inú ihò yẹn gan-an ni òǹwòran wà, láàárín àwọn ọkùnrin tí òùngbẹ ń gbẹ, tí Ọ̀gágun Kuribayashi ti kìlọ̀ fún pé wọn kò gbọdọ̀ yìnbọn títí etíkun yóò fi kún. Ẹni tí ó jẹ́ iwin nínú eré kan di ọmọ ènìyàn nínú èkejì. Nínú nǹkan bí 21,000 irú wọn, díẹ̀ lé ní 200 ni a mú láàyè nígbà ìjà náà.

Eré ti Amẹ́ríkà kò tó èkejì. Ó ń fò síwá sẹ́yìn jù, ó sì ń ṣàlàyé ohun tí òǹwòran ti rí. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí irọ́ ti ń wọ ìtàn ogun: a kó àwọn mẹ́ta tí a sọ pé wọ́n wà nínú àwòrán àsíá orí òkè Suribachi káàkiri láti fi tọrọ owó ogun, a sì mú wọn gun òkè àtọwọ́dá lójú agbo. Ní ọdún 2016 àti 2019, iléeṣẹ́ ogun wọn gan-an kéde pé méjì nínú àwọn mẹ́ta náà kò sí nínú àwòrán yẹn.

Nínú Letters, Nishi ka lẹ́tà tí ìyá ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan kọ sí i, ọmọ ogun Jàpáànù kan sì ní bí ìyá òun ti ń kọ̀wé nìyẹn. Nígbà tí onítọ̀hún jọ̀wọ́ ara rẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ ọ yìnbọn pa á. Eastwood kò fi bò. Àléébù kan wà síbẹ̀: Kuribayashi àti Nishi, àwọn tí eré náà bu iyì fún jù, ti gbé Amẹ́ríkà rí. Ó dàbí ẹni pé ọ̀tá ní láti mọ ilé ẹni kí a tó káàánú rẹ̀. Saigo, tí ń ṣe búrẹ́dì tẹ́lẹ̀, tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ nìkan wà lọ́kàn rẹ̀, ni ó gba eré náà lọ́wọ́ àléébù yìí.

Ogun tí ó yẹ irú eré méjì bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí Lagos Town. Ní ọdún 1900, Gómìnà Hodgson bèèrè Àga Wúrà lọ́wọ́ àwọn Asante. Wọ́n sì dó ti ilé olódi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Kumasi, Yaa Asantewaa ṣáájú wọn. Lára àwọn tí ó jà wọ Kumasi láti gba gómìnà sílẹ̀ ni ọmọ ogun láti Èkó, tí Haúsá àti Yorùbá wà nínú wọn, lábẹ́ Ọ̀gágun Aplin. Gbogbo ènìyàn mọ Yaa Asantewaa. Ta ni ó mọ orúkọ ẹyọ kan nínú àwọn ọmọ ogun Èkó náà? Olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ Asante àti ọmọ Yorùbá ní kíláàsì kan náà yóò mọ ìwúlò irú eré bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn odi igi tí a fi dí ọ̀nà, Twi ni a ó máa gbọ́. Ní ojú ọ̀nà, Haúsá àti Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, lẹ́nu àwọn ọ̀gá.