Iná Tó Lọ Gbọ́dọ̀ Bọ̀

Iṣẹ́ ríwáyà ni mo ń ṣe ní Ìjẹ̀gùn, lẹ́bàá ọ̀nà tó wá láti Ìkọ̀tún. Ẹni tó bá ń kọjá lọ yóò rí tábìlì tí a to bátìrì sí, wáyà pupa àti dúdú tó so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń ṣájì, alternator tí a ti tú nídìí, àti ọmọṣẹ́ tó ti rá wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù dánfó kan, tó jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù níta. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ náà kò sí nínú gbogbo èyí tí ojú rẹ̀ rí. Mẹkáníìkì lè rí epo tó ń jò. Fọ́kánáísà lè rí ìṣó nínú táyà. Ohun tí àwa ń wá kò ṣeé fojú rí, kò sì ní òórùn, àfi ìgbà tó bá ti ń jó nǹkan. Làákàyè la fi ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti orí bátìrì, títí a ó fi dé ibi tó ti dá dúró.

“Bọ̀ọ́dá ríwáyà, bátìrì yìí ti kú o. Ẹ bá mi wá òmíràn.” Àárọ̀ kùtù ni irú ọ̀rọ̀ yìí máa ń wọlé, nígbà tí èrò ti kún ibùdókọ̀ tí ọkọ̀ sì kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Mi ò kì í bá wọn jiyàn. Mítà ni mo máa ń mú. Owó bátìrì tuntun lónìí kì í ṣe owó tí awakọ̀ máa ń rí lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń dùn mí dọ́kàn tí mo bá rí ẹni tó ra bátìrì láìwọn èyí tó wà nílẹ̀, tí ọkọ̀ náà sì tún kọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe bátìrì ló ṣẹ̀. Bátìrì kàn ni ohun tí gbogbo èèyàn mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Awo òjé ni, tí a rì sínú ásíìdì. Ará Faransé kan, Gaston Planté, ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 1859, títí di òní, òjé àti ásíìdì náà ló ṣì wà nínú èyí tí dánfó ń gbé kiri. Ilé mẹ́fà ló wà nínú bátìrì ọkọ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi fóltì 2.1 wá, ìdí nìyẹn tí mítà fi ń ka nǹkan bíi 12.6 nígbà tí bátìrì bá kún tó sì ti sinmi. Tó bá ka 12.0, oúnjẹ rẹ̀ ti fẹ́ tán. Ṣùgbọ́n mítà lásán lè tan ni jẹ. Bátìrì tó ka 12.6 lè wó lulẹ̀ ní kété tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Nítorí náà, mo máa ń ní kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mítà wà lórí rẹ̀: tó bá wálẹ̀ gan-an ju 9.6 lọ, mo mọ̀ pé àìsàn wà nínú ilé kan. Màá wá ṣí ọmọrí rẹ̀, màá fi gíláàsì tí a fi ń fa omi ásíìdì wọn ilé kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kún yóò fi nǹkan bíi 1.265 hàn; èyí tó ti gbẹ kò ní ju nǹkan bíi 1.12 lọ. Tí ilé márùn-ún bá wà lókè tí ẹyọ kan sì wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn tí a ti ṣájì í dáadáa, ó tán. Kò sí ìṣájì tó lè jí ìyẹn.

Àwọn kan máa ń da ásíìdì sí i kí ó lè jí. Ẹ má ṣe é. Omi ló máa ń gbẹ nínú bátìrì, ásíìdì kì í gbẹ, omi tí a sè tí a sì gba ooru rẹ̀ tó di omi padà ló yẹ kó padà síbẹ̀. Omi kànga ní iyọ̀ àti ìdọ̀tí irin nínú, ó ń ba awo òjé jẹ́.

Irú iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù kì í sábà dé. Katakata kékeré ni, irú èyí tí èèyàn ń jókòó lé gé koríko, tí àwọn ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní pápá ńlá ń rà ní tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ tó ti dàgbà ni gbogbo wọn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ní irin tí awakọ̀ lè fọwọ́ fà tí bátìrì bá ti kú. Dánfó, kọ́ńdọ́kítọ̀ àti èrò méjì lè tì í. Ọ̀pọ̀ katakata agékoríko kò ní irin fífà, kò sì ṣeé tì. Tí kíkísítátà rẹ̀ bá ti kọ̀, ó di ẹrù nìyẹn. (Kí Charles Kettering tó ṣe kíkísítátà oníná ní Amẹ́ríkà ní 1911, tí Cadillac sì fi í sínú ọkọ̀ wọn ti 1912, irin ni awakọ̀ fi ń yí ẹ́ńjìnì láti iwájú, ẹ́ńjìnì sì lè ta padà kó ṣẹ́ ọwọ́ ẹni. Mo máa ń rántí èyí tí ẹnìkan bá ní ríwáyà kò ṣe nǹkan púpọ̀.)

Èyí tí wọ́n gbé wá láti ilé ìwé kan, wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì, wọ́n ti pààrọ̀ solenoid, swíìṣì tó ń fún kíkísítátà níná. Tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, á dún “kẹ́!” lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ohùn yẹn ti sọ nǹkan fún mi. Ó ní ìjókòó, ìtẹ̀ bíréèkì àti abẹ ti gbà pé kí iná kọjá, nítorí pé swíìṣì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lára katakata yìí, tí ọ̀kan bá sì kọ̀, solenoid kò ní dún rárá. Nítorí náà, kò sí ìdí láti tú ìjókòó. Iná ti dé solenoid. Níbo ló gbà láti ibẹ̀?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á tọ wáyà pupa lọ títí dé kíkísítátà, wọ́n á fi gílóòbù tẹ́sítà kàn án, gílóòbù á tàn, wọ́n á ní: “Iná wà.” Òótọ́ ni, iná wà. Ṣùgbọ́n iná tó lọ gbọ́dọ̀ bọ̀. Láti kíkísítátà, ó ní láti gba ara ẹ́ńjìnì, gba ara férémù, gba wáyà dúdú, padà sórí bátìrì. Ẹni tó bá mọ gáréèjì Ìkọ̀tún mọ ohun tí mo ń sọ: lọ́jọ́ tí ọ̀nà Ìjẹ̀gùn bá dí mọ́ àwọn ọkọ̀ tó ń padà bọ̀, kò ní pẹ́ tí kò fi ní sí ọkọ̀ kankan fún àwọn tó fẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà àbọ̀ iná yìí, rí. Tí ọ̀nà àbọ̀ bá dí, àlọ náà ti dúró.

Gílóòbù kì í rí àrùn yìí, nítorí iná tó ń mu kéré. Ó lè gba ojú ọ̀nà tóóró kó sì tàn rekete. Kíkísítátà ń béèrè tó nǹkan bíi ámpù 100 lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí iná tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bá sì fẹ́ gba ibi tó dógùn-ún, ìdènà kékeré bíi ohm 0.03 ti tó láti jẹ fóltì mẹ́ta mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo fi ẹsẹ̀ mítà kan lé orí negatifu bátìrì gan-an, èyí tó jẹ́ òjé, kì í ṣe irin tó dì í mú. Mo fi ìkejì kan ara ẹ́ńjìnì. Mo ní kí ọmọṣẹ́ yí kọ́kọ́rọ́. Tí ọ̀nà àbọ̀ bá mọ́, mítà kò yẹ kó ka ju nǹkan bíi 0.2 lọ. Ó ka ju mẹ́ta lọ.

A tọ wáyà dúdú náà lọ sí ibi tí wọ́n ti fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ férémù. Ẹnìkan ti kun férémù náà ní ọ̀dà tuntun, ọ̀dà tó dára, ó ń dán, ó sì wà láàárín wáyà àti irin. Nọ́ọ̀tì náà ti dógùn-ún nínú. A tú u, a fi sáńpépà ra irin náà títí tó fi mọ́, a dè é padà le, a fi gírísì bò ó kí omi má baà wọ̀ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ yí, ẹ́ńjìnì dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọkùnrin tó gbé e wá béèrè iye tí a ra ohun tí a fi sí i. A ò ra nǹkan kan. Owó iṣẹ́ ló san, mo sì gbà á láìtijú, torí pé ohun tí mo tà fún un ni pé kò ní ra kíkísítátà tó ti ń múra láti rà.

Tó bá ti ṣiṣẹ́, ó kù kó máa bọ́ bátìrì rẹ̀. Katakata agékoríko àti kẹ̀kẹ́ Márúwá jọra gan-an níbi yìí. Òòfà ló wà nínú ṣakaṣiki ẹ́ńjìnì, ó ń yí po wáyà bàbà tí a ká jọ, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń jáde lára wáyà náà, regulator sì ń sọ ọ́ di irú èyí tí bátìrì lè jẹ, kò sì ní jẹ́ kó ga kọjá nǹkan bíi fóltì 14 àti díẹ̀. Mo máa ń wọn ẹ̀yìn àti iwájú regulator. Tí iná bá wọlé dáadáa tí kò sì sí nǹkan tó jáde, mo kọ́kọ́ yẹ ẹ́ẹ̀tì regulator wò kí n tó dá a lẹ́bi. Ara irin tó fi dè mọ́ férémù ni ọ̀nà àbọ̀ tirẹ̀ náà, ọ̀dà àti ìdógùn-ún kò sì mọ ojú ẹni.

Ti dánfó yàtọ̀: alternator ló ń bọ́ bátìrì rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi kọ́ṣẹ́ lórí Volkswagen Ìjàpá, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́ ní 1975, ó sì máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá mọ dynamo àtijọ́ kò ní bẹ̀rù alternator. Nínú alternator, òòfà kì í ṣe òkúta lásán. Iná díẹ̀ ló ń sọ irin inú rẹ̀ di òòfà, iná náà sì ń gba orí kábọ̀n méjì tó ń ha òrùka bàbà. Kábọ̀n jẹ́ ohun olówó pọ́ọ́kú, ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀, mo sì ti rí alternator tí wọ́n fẹ́ jù sílẹ̀ nítorí kábọ̀n tó kúrú. Ohun tó tún máa ń yà àwọn awakọ̀ lẹ́nu jù ni gílóòbù pupa kékeré tó ní àmì bátìrì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú ọ̀pọ̀ dánfó àtijọ́, inú gílóòbù yẹn ni iná àkọ́kọ́ ń gbà lọ sínú alternator láti jí òòfà rẹ̀. Àwọn kan yọ ọ́ nítorí pé ó ń tàn sí wọn lójú. Alternator wá lè sùn lọ, kò ní ṣájì, a ó sì máa bú bátìrì. Mo ti rí ọkọ̀ tí gílóòbù tó kéré ju àtàǹpàkò lọ mú ara rẹ̀ dá.

Kò sí iná sìgá lẹ́bàá tábìlì ìṣájì mi. Bátìrì tó ń ṣájì ń tú gáàsì hydrogen jáde, ó lè bú, ásíìdì inú rẹ̀ sì lè bá ojú lọ. Nínú Ìjẹ̀gùn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nílò àlàyé púpọ̀ lórí iná. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katakata tó ń ṣe ọ̀nà gún páìpù epo ní àdúgbò wa, iná sọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ sí i, àwọn ọmọ ilé ìwé wà nínú wọn. Òjé pẹ̀lú ń pani, ṣùgbọ́n kò ní ariwo. Ní Zamfara ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti rí wúrà pa àwọn ọmọdé tó ju 400 lọ. Òjé kan náà ló wà nínú bátìrì tí a gbé sórí tábìlì. Nítorí náà, a kì í fọ́ bátìrì ní ṣọ́ọ̀bù mi láti yọ òjé rẹ̀ tà, a kì í jẹun láìfi ọṣẹ fọwọ́, aṣọ iṣẹ́ kì í sì í bá wa wọ yàrá tí ọmọ wà. Mo le lórí èyí ju bí mo ṣe le lórí bí wọ́n ṣe ń wé wáyà lọ.

Àwọn ọmọṣẹ́ tó ń wá báyìí fẹ́ kọ́ ínfátà àti sólà, mo sì ń kọ́ wọn, torí ọjà ibẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n kí ọmọ kan tó gba fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi, màá gba mítà lọ́wọ́ rẹ̀. Màá fún un ní gílóòbù iwájú ọkọ̀ kan, èyí tó nípọn, àti wáyà méjì, màá sì fi ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ sí iwájú rẹ̀. Gílóòbù ńlá ń mu iná tó pọ̀ ju ti tẹ́sítà lọ, ojú ọ̀nà tó dí máa ń mú kó tàn bàìbàì, ẹni tó bá lajú yóò rí i. Kí ó tó fọwọ́ kan sípánà, màá ní kó sọ ọ̀nà iná náà fún mi sókè, ibi tó gbà lọ àti ibi tó gbà bọ̀, kí ó fi ìka kan gbogbo nọ́ọ̀tì tó wà lójú ọ̀nà náà. Àwọn tó máa ń sọ àlọ nìkan máa ń padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e.